Ẹsẹ̀ Bàtà Méje Tó Sọnù Nínú Páìpù Ìlú

Ojú-ihò kẹta lórí páìpù omi ìdọ̀tí ló bì. Kì í ṣe pé ó ń jò o, ó bì bí ọmọ tí wọ́n rọ ẹ̀kọ yó bámúbámú. Omi dúdú ti ọmọrí kọnkéré orí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ya wọ ẹnu ọ̀nà Ṣubúọlá, ó gba abẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn tó wá ra gaàrí, ó sì lọ bá àwọn àpò ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi òkúta tẹ̀. Àwọn oníbàárà káṣọ sókè, wọ́n fọwọ́ dimú, wọ́n sì gbé owó wọn padà sí Òkè-Òpin.

Ọjọ́ Tùẹ́sìdé nìyẹn. Nígbà tí Sájẹ́ǹtì Mìkáílù fi máa sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e wá láti Ọ̀sì ní òwúrọ̀ Tọ́sìdé, gbogbo àdúgbò Òkè-Ayọ̀ ní Ìlọ́fà ti ń fi imú sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an kò le lójú ara rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìgbìmọ̀ páìpù yóò ti ilé ìlọ̀gẹ́ Ṣubúọlá, níbi tó ti ń lọ ẹ̀gẹ́ fún gaàrí, pa. Kí ó ṣáà dúró níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà lu ẹnikẹ́ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti fẹ́ fi òòlù fọ́ ẹ̀rọ obìnrin náà lánàá.

Iṣẹ́ ìdúró lásán ni Mìkáílù pè é. Kí aago mọ́kànlá tó lù, orí rẹ̀ ti ń yí.

Àdúgbò yìí ní ohun tí ìlú tó tóbi jù ú lọ kò ní. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó àti Àbújá ló dáwó rẹ̀: páìpù ńlá kan tó gba abẹ́ ilẹ̀, tó ń kó omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láti ilé mẹ́tàlélógún lọ sínú táǹkì kan ní ìsàlẹ̀. Ojú-ihò márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀ tí ènìyàn lè ṣí wo inú. Páìpù ní òfin, òfin ní ìgbìmọ̀, ìgbìmọ̀ sì ní alága. Bàbá Akọ́ládé, tísà tó ti fẹ̀yìntì, ni alága náà.

Abẹ́ igi máńgòrò ni bàbá náà gbà á lálejò sí, ó sì ṣí ìwé òfin lójú rẹ̀.

"Ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, Sájẹ́ǹtì. Àwọn ọ̀rọ̀ tí òfin yìí ń lò, ìtumọ̀ wọn ni mo fẹ́ kà, kí ẹ má baà sọ pé a fi agbára ti ilé obìnrin pa."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Mìkáílù sì ń kọ. Omi ìdọ̀tí: omi tó jáde nínú ilé lẹ́yìn tí a ti lò ó, òjò kò sí nínú rẹ̀. Páìpù ilé: èyí tó kúrò nínú ilé dé ojú-ihò tó kọ́kọ́ pàdé, onílé ló ni ín. Páìpù ìlú: èyí tó kù títí dé táǹkì, gbogbo wa la ni ín. Onílé: ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdènà: ohunkóhun tó bá dá omi dúró. Arúfin: ẹni tó fa ìdènà.

"Ó tán," Bàbá Akọ́ládé wí, ó sì ká ìwé sínú àpò bùbá. "Tùẹ́sìdé ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹ̀gẹ́ tuntun, Tùẹ́sìdé náà ni omi yọ. A ti ọparun bọ inú páìpù, èèpo ẹ̀gẹ́ ló bá a jáde. Òfin ní kí á gé arúfin kúrò lórí páìpù fún ọdún kan."

Ṣubúọlá tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, obìnrin tó ga, tí ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ fún ní irun funfun ṣáájú ọjọ́, kò pariwo. Bí ẹni tó ń ka iye àpò ló ṣe sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, asẹ́ wà lẹ́nu páìpù mi. Èèpo tó bá kọjá asẹ́ kò tó kí adìẹ ṣá jẹ. Bí ẹ bá gé mi fún ọdún kan, ibo ni omi ẹ̀gẹ́ máa gbà? Opó ni mí. Obìnrin mẹ́ta ló ń bá mi yan gaàrí, agbada yẹn ni gbogbo wa ń wò."

"Ta lo wá rò pé ó dí i?" Mìkáílù bi í.

"Rafiat tó bí ìbejì. Páńpá tí wọ́n ń dì fún ọmọ ló ń jù sínú rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Mìkáílù wo bàbá, ó wo obìnrin, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Èèpo àbí páńpá? Kò tíì kọ nǹkan kan tí orin fi yọ láti ẹ̀yìn ilé, ohùn arúgbó tó dún ketekete:

*Omi tí mo fi wẹ̀, omi tí mo fi fọ̀,*
*Omi ìdọ̀tí ni, má pò ó mọ́ òjò;*
*Ilé ló ti wá o, ilé ló ti wá,*
*Jẹ́ kó rọra lọ, kó má ya sí ọ̀nà.*

Bàbá Akọ́ládé mí kanlẹ̀. "Ìyá Wolé-wolé ti dé."

Màmá Àtinúkẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, ṣùgbọ́n ó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe wolé-wolé, ó sì mọ ilé tí ìdin omi wà nínú ìkòkò rẹ̀ láti ojú títì. Òun ló sọ òfin páìpù di orin nígbà tí ó jáde, kí àwọn obìnrin tí kò lè kàwé lè mọ̀ ọ́n. Ọpá ìtìlẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹni tí wọ́n pè wá síbi ìkómọ.

"Sájẹ́ǹtì ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Aago mélòó ni wọ́n ní kí o tì í?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"Àyè ṣì wà. Mú mi lọ sọ́dọ̀ Rafiat."

*

Rafiat gbé ọmọ kan pọ̀n, ó gbé èkejì sápá. Kò jẹ́ kí wọ́n jókòó kí ó tó dáhùn.

"Páńpá kẹ̀? Ta ló ń ra páńpá fún ìbejì láyé tí a wà yìí? Màmá, ẹ wo orí okùn."

Wọ́n wo orí okùn. Àkísà ni, ó tó ogójì, wọ́n ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nínú oòrùn.

"Ó lè ju àkísà náà sínú rẹ̀," Mìkáílù rọra wí.

"Kí n ju àkísà nù, kí n wá fi kí ni dì wọ́n? Ẹ̀wù ọlọ́pàá yín?"

Màmá Àtinúkẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun jáde, ó pò ó sínú garawa omi, ó ní kí Rafiat dà á sí ibi tó ń dà omi ìwẹ̀ sí. Òun àti Mìkáílù lọ dúró lórí ojú-ihò kẹrin, Mìkáílù sì ṣí ọmọrí rẹ̀.

"Màmá, kí là ń wò?"

"Má sọ̀rọ̀. Orin ni aago mi."

Ó ń kọrin wolé-wolé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Kò tíì kọ ẹsẹ kan tán tí omi aláwọ̀ sánmà fi yọ nísàlẹ̀ ihò, ó ń ṣàn lọ sí ihò karùn-ún láìdúró.

"Ìhín ni ilé Rafiat ti pàdé páìpù ìlú," Màmá wí. "Ihò kẹrin. Ìsàlẹ̀ ibi tó dí. Ó máa gbé páńpá gun òkè lọ fún Ṣubúọlá ni?"

Wọ́n lọ sí ihò kẹta. Ó da garawa búlúù kejì sínú ẹrẹ̀ tó kún ibẹ̀, ó sì rán Mìkáílù padà sí ihò kẹrin kí ó máa wò. Màmá kọ orin náà tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ihò kẹrin gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀.

"Rafiat ti bọ́," Mìkáílù wí nígbà tí ó padà dé. "Ó ku Ṣubúọlá nìyẹn. Alága ló jàre."

"O yára bí ọ̀kadà," Màmá wí. "Wá okùn fún mi."

*

Ohun tí arúgbó náà ṣe tẹ̀ lé e kò yé Mìkáílù rárá. Ó wọn orí ilẹ̀ láti ihò kẹta dé ihò kẹrin: ọgọ́ta ẹsẹ̀ bàtà gééré. Ó ní kí ó ti ọparun láti ihò kẹta lọ sísàlẹ̀. Ó wọlé títí, ó dúró. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógún, èèpo ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n tún lọ sí ihò kẹrin, wọ́n tì í gòkè. Èyí wọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó dúró, ó sì ró *kó* bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Lẹ́búlẹ́bú eléérú ló wà lẹ́nu ọparun.

Màmá fi ìka kan tọ́ ọ, ó rà á mọ́ àtàǹpàkò. "Sìmẹ́ǹtì. Sájẹ́ǹtì, ìwọ lo kàwé. Méjìlélógún àti mọ́kànlélọ́gbọ̀n?"

"Mẹ́tàléláàádọ́ta."

"Yọ ọ́ nínú ọgọ́ta."

"Ó ku méje."

"Ẹsẹ̀ bàtà méje ti sọnù nínú páìpù wa. Èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń dúró síbi tí nǹkan bá ti dá a dúró, ó dé bá ìdènà níbẹ̀ ni. Kí ló gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méje, tí àwa ọmọ ènìyàn máa ń gbẹ́ sílẹ̀?"

Mìkáílù ronú. Ó ronú kan kànga, ó ronú kan ìpìlẹ̀ ilé, ó ronú kan kòtò iṣu. Kò sí èyí tó bá a mu. Arúgbó náà ti ń fi okùn wọn ilẹ̀ láti ihò kẹta, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó wá dúró ní iwájú ilé òkè kan tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lẹ́nu sàréè tuntun tí wọ́n fi táìsì funfun lẹ̀.

"Ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi."

"Pa Elijah Májẹ́kódùnmí," Mìkáílù kà á. "Wọ́n sin ín ní ọjọ́ Fúráídè... ọ̀la ló máa pé ọ̀sẹ̀ méjì." Ó gbé ojú sókè. "Màmá, ṣé ẹ ń sọ pé òkú ló dí páìpù?"

"Èmi ò sọ nǹkan kan. Okùn ló ń sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní méjìlélógún, ó parí ní mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Wọ̀n ọ́n fúnra rẹ."

Ó wọ̀n ọ́n. Ó tún un wọ̀n. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀ nígbà tí ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ arúgbó náà ti yẹ̀.

"Wọ́n ti sin bàbá láti ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá. Tùẹ́sìdé yìí ni omi yọ. Bó bá jẹ́ sàréè ni, ọjọ́ kejì ìsìnkú ni ihò kẹta ì bá ti bì."

Orin kúrò lẹ́nu Màmá Àtinúkẹ́. Ó fọwọ́ lérán, ó wo sàréè, ó wo ojú ọ̀run, ó wá kígbe pe Ṣubúọlá láti òdìkejì ọ̀nà.

"Kí ló dé tí o ò lọ ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá?"

"Omi dà, Màmá? Bọhòòlù ti bàjẹ́ kí wọ́n tó sin Bàbá. Odò ni a ń pọn. Tùẹ́sìdé ni wọ́n tún un ṣe."

"Omi tí ẹ pọn lódò, ibo lẹ ń dà á sí?"

"Ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ta ló máa fi omi odò ṣòfò sínú páìpù?"

Ẹ̀rín padà sójú arúgbó. "O gbọ́? Ìdènà ti wà níbẹ̀ tipẹ́, omi tí yóò fi í hàn ni kò sí. Tùẹ́sìdé, ilé mẹ́rìnlá tó wà lókè ṣí ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gẹ́ Ṣubúọlá kàn bá wọn rìn ni."

Mìkáílù kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó ka ohun tí ó kọ, kò yé e mọ́. Ta ni ó máa mọ̀ pé páìpù wà lábẹ́ ilẹ̀, tí ó máa gbẹ́ sàréè lé e lórí?

*

Ògúndípẹ̀ bíríkìlà ló gbẹ́ ẹ, òun ló sì fi táìsì lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni wọ́n bá a, ó ń fọ ṣọ́bìrì. Àwọn adìẹ rẹ̀ ń mu omi nínú ọpọ́n gígùn kan, àwọ̀ ọsàn, tó rí bí ọkọ̀ ojú omi kékeré.

"Ọpọ́n adìẹ yìí mà dára o," Màmá wí.

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ibo lo ti rí irú páìpù yìí tí o là á sí méjì? Kò sí fún títà ní Ọ̀sì. Kò sí ní Obbo-Aiyégúnlẹ̀. Ìlọrin ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ńlá kó tiwa wá."

Ògúndípẹ̀ fọ ṣọ́bìrì tó ti mọ́ náà lẹ́ẹ̀mejì sí i.

"Wọ̀n ọ́n, Sájẹ́ǹtì," Màmá wí.

"Ẹ má wọ̀n ọ́n," Ògúndípẹ̀ wí. "Ẹsẹ̀ bàtà méje ni."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù, ọ̀rọ̀ sì ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú ni, ọkọ̀ tó gbé òkú ti kúrò ní mọ́ṣúárì ní Òmù-Àrán. Ilẹ̀ ti jìn dé àyà rẹ̀ kí dígà tó kan páìpù. Bí omi bá wà nínú rẹ̀ ni, ì bá mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Ṣùgbọ́n ó gbẹ táútáú.

"Kí ló dé tí o ò sún síwájú lọ gbẹ́ òmíràn?" Mìkáílù bi í.

Ògúndípẹ̀ àti Màmá jọ wò ó bí ẹni wo àlejò.

"Ọ̀gá, níhìn-ín, bí wọ́n bá ti gbẹ́ ilẹ̀ fún òkú, wọn kì í dí i lófìfo. Wọ́n á ní ilẹ̀ náà ń wá ẹlòmíràn nínú ẹbí. Àwọn ọmọ bàbá ti ń bọ̀ lọ́nà láti Èkó. Mo lọ bi í. Ó wá, ó wo inú kòtò, ó ní kí n gé e, kí n fi àpò àti sìmẹ́ǹtì dí ojú méjèèjì kí ó má baà rin òkú. Ó ní lẹ́yìn ìsìnkú, òun yóò ní kí a yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́."

"Ta ni *ó* yẹn?"

Ògúndípẹ̀ mi orí. "Sájẹ́ǹtì, ẹ lè fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti ka á-bí-dí. Èmi ò ní dárúkọ rẹ̀."

Mìkáílù bínú. Gbogbo ìlú ló ń gé ọ̀rọ̀ sí ìlàjì fún un. Màmá Àtinúkẹ́ ní tirẹ̀ ti mú un lápá jáde.

"Ka àwọn ọ̀rọ̀ tí Alága ní kí o kọ láàárọ̀. Èmi yóò máa kọ orin mi lẹ́yìn rẹ."

Ó kà á: omi ìdọ̀tí, páìpù ilé, páìpù ìlú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó bá kà, Màmá a kọ ẹsẹ tirẹ̀. Ó kan onílé. Màmá kò kọ ti onílé. Ó mi ìka, ó gbé orin mìíràn:

*Ẹsẹ̀ mẹ́ta lọ́tùn-ún, ẹsẹ̀ mẹ́ta lósì,*
*Ààyè páìpù ni, dígà má dé bẹ̀;*
*Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ o, ẹni tó gbà á láyè,*
*Àwọn méjèèjì ni yóò tún un ṣe.*

"Èyí kò sí níhìn-ín," Mìkáílù wí. "Mẹ́fà ni bàbá kà."

"Méje ni wọ́n. Tísà tó ti fi ogún ọdún pe orúkọ ọmọ nínú rẹ́jísítà, kì í fo ìlà láìmọ̀. Ta ni wọ́n sin?"

"Pa Elijah Májẹ́kódùnmí."

"Ta ni àbúrò rẹ̀ tó wà nílé, tó ń ṣètò gbogbo rẹ̀ kí àwọn ọmọ tó dé?"

Mìkáílù kò mọ̀ ọ́n. Ó rọra wo ojú arúgbó náà, ó sì mọ̀ ọ́n.

*

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n bá Bàbá Akọ́ládé nínú pálọ̀ rẹ̀. Màmá kò kọrin. Ó sọ nọ́ńbà náà fún un: méjìlélógún, mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méje. Bàbá náà bọ́ fìlà, ó gbé e lé eékún.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. "Òkú ti wà lọ́nà. Mo sọ pé ọjọ́ kẹta ni n ó tún un ṣe. Àlejò ò tètè lọ. Omi ò sí, kò sẹ́ni tó bèèrè. Mo wá gbàgbé díẹ̀, ojú sì wá ń tì mí díẹ̀. Nígbà tí ó bì, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo Ṣubúọlá, mo gbọ́ ara mi tí mo ń bá wọn pariwo."

"Mo gbọ́," Màmá wí.

"Ẹ jẹ́ kí á rọra ṣe é. N ó yí páìpù gba ẹ̀gbẹ́ lọ́la. N ó sọ fún ìgbìmọ̀ pé ilẹ̀ ló rì, pé kò sí arúfin. Ṣubúọlá á máa lọ ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kí ló tún kù?"

Mìkáílù rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Kò sẹ́ni tí yóò lu ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. Ó wo Màmá, Màmá sì wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí Ṣubúọlá dúró sí. Arúgbó náà ló ránṣẹ́ pè é.

"Tìrẹ ni ìpinnu yìí, Ṣubúọlá," Màmá wí. "Kì í ṣe tèmi."

Ṣubúọlá nu ọwọ́ mọ́ ìró. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwé kẹta. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pè mí ní arúfin ní ìta gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará Òkè-Òpin ò ní ra gaàrí lọ́wọ́ arúfin, bí ilẹ̀ rì, bí ilẹ̀ ò rì. Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ ti sọ èkejì."

Bàbá Akọ́ládé dìde, ó sì rìn lọ sábẹ́ igi máńgòrò láì dé fìlà. Àwọn ènìyàn ti pé síbẹ̀ láti wo bí wọn yóò ṣe ti ilé ìlọ̀gẹ́ pa.

Kò sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó sọ ọ́ bí ìgbà tí ó ń pe orúkọ nínú kíláàsì: òun ló gbà kí wọ́n gbẹ́ ẹ, òun ló ní kí wọ́n gé e, òun ló fo ìlà òfin. Ọ̀rọ̀ dojú rú mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ tó wá fọ́ ẹ̀rọ ń wo ara wọn. Ọ̀kan bèèrè bóyá wọn yóò hú òkú bàbá àgbà náà.

"Ẹ jẹ́ kí ó sùn," Bàbá Akọ́ládé wí. "Páìpù ni yóò yà fún un. Èmi àti Ògúndípẹ̀ la ó gbẹ́ ẹ."

Ó gba dígà lọ́wọ́ ọ̀dọ́ kan, ó wọn ẹsẹ̀ mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ sàréè, ó sì lu ilẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n lù dáadáa. Dígà náà ta padà. Ṣubúọlá dúró, ó wò ó títí ó fi lu ìkẹwàá, ó wá yíjú sí àwọn obìnrin rẹ̀ mẹ́ta.

"Ẹ lọ fọ ilẹ̀ iwájú ilé," ó wí. "Ẹ kó ẹ̀gẹ́ tí ìdọ̀tí kàn dànù. Ti àpò òkè yẹn tí omi kò dé, a ó yan án lónìí."